Àgbébọ̀ Tó Ń Sàba Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí n kò bá sì sọ ọ́ síta, inú mi kò ní í dẹ̀.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìbàdàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ó kàwé dáadáa, tí Yorùbá sì yọ̀ mọ́ lẹ́nu, wà láàárín wa. Ẹnì kan bi í léèrè ìyàwó àbúrò rẹ̀, ìyálọ́mọ gan-an tí a wá bá ṣe àjọyọ̀ ọjọ́ náà, pé ṣé yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ láìpẹ́. Ó fèsì pé, "Èwo ni iṣẹ́? Ó jókòó sílé bí adìẹ tó ń sàba, kò ṣe nǹkan kan." Ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò ní í purọ́. Màmá mi nìkan ni kò rín. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn kì í sì í fẹ́ da ọ̀rọ̀ rú láwùjọ, ṣùgbọ́n wọ́n wo ọkùnrin náà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó dájú pé o ò sin adìẹ rí." Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ìyálọ́mọ náà wà nínú yàrá kejì, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀rín wa.

Mo fẹ́ dá ọkùnrin yẹn lóhùn lónìí, mo sì fẹ́ dá ara mi lóhùn pẹ̀lú. Ohun tí mo ní í sọ kò ju báyìí lọ: àgbébọ̀ tó ń sàba ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì pé. Bí òròmọdìẹ kò bá yè nínú àgbàlá wa, ara wa ni kí a kọ́kọ́ wò, kì í ṣe òun.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti ń wọlé. Adìẹ yé ẹyin. Ó sàba lé ẹyin. Ó pa ọmọ. Ó ràdọ̀ bo ọmọ. Ó kó ọmọ jẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún nìyẹn fún iṣẹ́ márùn-ún, kò sì sí èyí tí a lè fi dípò èkejì. Láìpẹ́ yìí ni mo ń ka àròkọ ọmọ ilé-ìwé girama kan, mo sì rí i tí ó kọ ọ́ pé "adìẹ náà jókòó sórí ẹyin rẹ̀." Kò ṣi gírámà lò, ṣùgbọ́n ó ti sọ ìtumọ̀ nù. Ẹni tí ń dúró de ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ ni ó ń jókòó. Adìẹ kì í jókòó lé ẹyin, sàba ni ó ń sàba. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá kúrò lẹ́nu wa, tí "jókòó" sì gba ipò rẹ̀, kí ló ku kí á má pe àgbébọ̀ ní ọ̀lẹ?

Àwọn tó ṣáájú wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Ilé-Ifẹ̀, adìẹ tí ó ní ọmọ-ìka ẹsẹ̀ márùn-ún ni ó tan ilẹ̀ káàkiri orí omi. Nínú Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1884 lẹ́yìn iṣẹ́ takuntakun Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bí ẹ bá ṣí Ìhìnrere Mátíù sí orí 23, ẹ ó rí i pé ìfẹ́ Jésù sí Jerúsálẹ́mù ni a fi wé àgbébọ̀ tó ń ràdọ̀ bo ọmọ rẹ̀. Ta ni yóò fi ohun tó tóbi tó báyẹn wé ọ̀lẹ?

Wàyí o, kí ni àgbébọ̀ ń ṣe ní ìdí ẹyin?

Ọgbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ó tó sàba rárá. Ẹyin kan lónìí, òmíràn lọ́la tàbí lọ́túnla, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yé e títí tí yóò fi pé bíi 10 tàbí 12. Ní gbogbo àkókò yìí kò ní í sàba. Bí ó bá yé e tán, yóò kúrò níbẹ̀, ẹyin yóò sì wà ní tútù. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ inú ẹyin kì í bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà bí ó ti yẹ títí tí ooru yóò fi dé bá a. Nígbà tí ẹyin bá pé, tí ìyá wọn sì bo gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kan náà tàbí ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọn yóò sì jáde. Kò lọ sí ilé-ìwé kankan, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò yìí.

Nígbà náà ni ara rẹ̀ yóò yí padà. Ohun kan wà tí ara rẹ̀ ń pèsè, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní prolactin. Bí èyí bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ní í yé ẹyin mọ́. Ìyẹ́ àyà rẹ̀ yóò re, awọ ibẹ̀ yóò hàn síta, ẹ̀jẹ̀ yóò sì pọ̀ níbẹ̀ kí ooru ara rẹ̀ lè kan ẹyin tààrà. Ẹ̀yin ònkàwé mi, ẹ dúró síbí yìí díẹ̀. Prolactin yìí kan náà ni ó ń mú kí wàrà wá sí ọmú abiyamọ. Nítorí náà, ọkùnrin tí ó fi ìyálọ́mọ wé adìẹ tó ń sàba sọ òótọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ẹ̀gàn ni ó fẹ́ sọ, oríkì ni ó bọ́ sí i lẹ́nu.

Ọjọ́ 21 ni iṣẹ́ náà. Ìwọ̀n ooru tí ẹyin ń fẹ́ tó 37.5 ní ìdíwọ̀n Celsius, bí ó bá sì lọ sókè tàbí sílẹ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, ọmọ inú ẹyin yóò kú. Àgbébọ̀ ń yí ẹyin rẹ̀ tọ̀sán-tòru, lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Yóò fi ẹnu fa èyí tó wà létí wá sáàárín, yóò sì ti èyí tó wà láàárín sétí. Bí a kò bá yí ẹyin, ọmọ inú rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ èèpo, kó sì kú síbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni ìyá yìí sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀: yóò jẹun kíákíá, yóò mu omi, yóò yàgbẹ́ ńlá kan tí òórùn rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ, yóò ku eruku sára, yóò sì sáré padà. Ẹ gbé e lọ́wọ́ kí ó tó sàba, kí ẹ tún gbé e lẹ́yìn ọjọ́ 21. Ẹ ó rí i pé ó ti fúyẹ́. Ara rẹ̀ ni ó fi dáná náà.

Bí ó bá ku ọjọ́ kan tàbí méjì kí wọ́n jáde, àwọn ọmọ yóò máa ké nínú ẹyin, ìyá wọn yóò sì máa dá wọn lóhùn pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwo kékeré kan lórí ẹnu rẹ̀ tí yóò fi lu èèpo náà, ìwo yìí yóò sì já bọ́ lẹ́yìn tí ó bá jáde. Gbogbo èyí ni ọkùnrin wa pè ní "kò ṣe nǹkan kan."

N kò ní í fi ara mi pamọ́. Èmi náà ti wà lára àwọn tó kẹ́gàn àgbébọ̀. Ní ọdún 2024, mo ra ẹ̀rọ incubator kékeré kan tí ó ń gba ẹyin 56. Mo sọ fún màmá mi pé ọ̀rọ̀ adìẹ tó ń sàba ti parí nínú ilé yìí. Wọn kò bá mi jiyàn. Wọ́n ní àgbébọ̀ kan tó ti ń sàba lé ẹyin kan ṣoṣo láti bí ọjọ́ mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kó ẹyin 56 sínú ẹ̀rọ, wọ́n mú 12 nínú ẹyin ọwọ́ oníṣòwò kan náà, wọ́n kó o sábẹ́ adìẹ wọn, wọ́n ní, "Ká wò ó ná."

Ní ọjọ́ keje a fi iná fóònù yẹ ẹyin wò nínú òkùnkùn. Ẹyin tó ní ọmọ nínú máa ń fi iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín hàn bí òwú aláǹtakùn, èyí tí kò ní ọmọ yóò mọ́ gaara. Tèmi, 9 mọ́ gaara, ó ku 47. Tiwọn, ẹyọ kan, ó ku 11. Títí di ìgbà yẹn inú mi dùn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, iná mànàmáná lọ ní àdúgbò wa, kò sì padà. Mo tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ rántí pé láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó epo kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ṣeré mọ́. Lóru ọjọ́ kejì epo tán nígbà tí mo ti sùn lọ. Nígbà tí mo jí, ẹ̀rọ náà tutù bí ìkòkò omi.

Ẹyọ 6 péré ni ó pa ọmọ nínú ẹ̀rọ mi. Àgbébọ̀ màmá mi pa ọmọ 10. Ọmọ kan kú sínú ẹyin.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan yóò wí: ká ní iná dúró, ẹ̀rọ náà ì bá pa ọmọ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Òótọ́ ni. N kò bá ẹ̀rọ jà. Ẹni tó fẹ́ sin adìẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò lè máa wá àgbébọ̀ kiri, ẹ̀rọ sì ni ó ń bọ́ àwọn ìlú ńlá wa. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tí ó ní adìẹ márùn-ún lẹ́yìn ilé, tí iná rẹ̀ kì í dúró, tí ó sì ń ta àgbébọ̀ rẹ̀ kí ó lè rówó ra ẹ̀rọ. Èmi gan-an nìyẹn.

Kí ni a wá fẹ́ fi òròmọdìẹ mẹ́fà tí kò ní ìyá ṣe? Màmá mi ní kí n dúró di òru. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú dáadáa, wọ́n fi àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sábẹ́ àgbébọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìtan iná. Òru ni wọ́n ń ṣe é, nítorí bí a bá ṣe é lọ́sàn-án, ó lè fi ẹnu ṣá àjèjì pa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ 16 ni àgbébọ̀ kó jáde, kò sì ya ẹnì kankan sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ pa ọmọ, ó parí iṣẹ́. Títọ́ ọmọ kò sí nínú ohun tí wọ́n ṣe é fún.

Nítorí iṣẹ́ àgbébọ̀ kò parí lọ́jọ́ kọkànlélógún. Òròmọdìẹ kò lè mú ara rẹ̀ gbóná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìyẹ́ rẹ̀ kò tíì hù tán, abẹ́ apá ìyá rẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ìyá yóò tú ilẹ̀, yóò ké kọ̀-kọ̀-kọ̀, yóò ṣa oúnjẹ, yóò sì jù ú sílẹ̀ kí ọmọ lè mọ èyí tí a ń jẹ. Bí ó bá rí òjìji lókè, ohùn rẹ̀ yóò yí padà lójijì, gbogbo ọmọ yóò sì sá pamọ́. Àwọn àgbà ló sọ pé òròmọdìẹ kò mọ àwòdì, ìyá rẹ̀ ló mọ àṣá. Ẹ fi ẹ̀rọ ṣe ìyá kan tó mọ àṣá fún mi, n ó rà á.

Nínú ọmọ 16 yẹn, méjì kú. Àṣá gbé ọ̀kan ní ọjọ́ kẹfà nítorí pé mo ń sọ lójoojúmọ́ pé n ó ra agọ̀, n kò sì rà á. Èkejì bọ́ sínú abọ́ omi tó jìn jù, èmi náà ni mo gbé e síbẹ̀. Àgbébọ̀ kò jẹ̀bi ọ̀kankan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, 14 ṣì ń bẹ láàyè.

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn àwọn àríwísí tó gbajúmọ̀ jù.

Wọ́n ní ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni. Adìẹ òyìnbó tí wọ́n ń sìn fún ẹyin lè yé bíi 300 lọ́dún, tiwa kì í sábà ju 40 sí 60 lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe dé 300 náà? Lára ohun tí wọ́n ṣe ni pé láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń yan àwọn tí kì í sàba, títí tí sísàba fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Adìẹ tó ń yé 300 kò ní í fi ẹnikẹ́ni rọ́pò ara rẹ̀. Bí ó bá gbó, ẹ ó padà lọ ra òmíràn. Àgbébọ̀ tiyín yóò rọ́pò ara rẹ̀ lẹ́yìn ilé yín, láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó fẹ́ ẹyin tà kí ó ra adìẹ ẹlẹ́yin, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ó má fi ìdíwọ̀n ẹyin wọn ìyá.

Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ń kú jù. Kí ló ń pa wọ́n? Òjò, àṣá, ebi, àti àrùn Newcastle, èyí tí í pa adìẹ lọ rẹpẹtẹ nígbà ọyẹ́. Èwo nínú wọn ni sísàba fà? Àjẹsára kan wà tí a ń pè ní I-2, tí kì í tètè bàjẹ́ nínú ooru, tí a sì lè kán sí adìẹ lójú. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ti ń ṣe é fún adìẹ abúlé. Ẹni tí kò kán an sí adìẹ lójú rí, tí kò ra agọ̀, tí kò fọ́n àgbàdo kíún, ni ó ń dúró lórí òkú òròmọdìẹ tí ó ń bú ìyá wọn.

Wọ́n ní adìẹ ìbílẹ̀ ti di ohun àtijọ́. Ẹ bi àwọn onímọ̀ léèrè. Ní ọdún 2018 ni wọ́n forúkọ adìẹ FUNAAB Alpha sílẹ̀, èyí tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta fi ẹ̀jẹ̀ adìẹ ìbílẹ̀ wa ṣe, nítorí pé ó ń fara da ooru àti ìyà ilẹ̀ yìí. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé padà lọ wá ni àwa ń sè lọ́bẹ̀ ní ọjọ́ Kérésì.

Ìwà kan tún kù tí n kò lè dákẹ́ lé lórí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí adìẹ bá ti ń sàba, wọn yóò rì í sínú omi tútù, tàbí kí wọ́n ki ìyẹ́ bọ̀ ọ́ ní ihò imú kí ó lè gbàgbé ẹyin. Ìkà ni. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó sàba, ẹ kó ẹyin kúrò, kí ẹ fi í sínú agọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Kò sí ìdí tí a ó fi fìyà jẹ ẹ́ nítorí pé ó fẹ́ di ìyá.

Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ kí ó sàba, apá tiyín nínú iṣẹ́ náà kò nira. Ẹ wá igun tó dákẹ́ tí oòrùn kò pa. Ẹ fi iyanrìn àti koríko gbígbẹ sínú agbọ̀n, kí ẹ ku eérú díẹ̀ sí i nítorí kòkòrò ara adìẹ. Ẹyin tí kò tíì ju ọjọ́ méje lọ ni kí ẹ lò, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kó ju iye tí àyà rẹ̀ lè bò. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi sí tòsí rẹ̀. Ní ọjọ́ ìpamọ, ẹ ká ọwọ́ kò, ẹ má bá ọmọ fọ́ ẹyin. Ìyá lè má sọ̀ kalẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ má bẹ̀rù, oúnjẹ inú ẹyin ṣì wà nínú àwọn ọmọ náà. Lẹ́yìn náà, abọ́ omi pẹlẹbẹ pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, agọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti àjẹsára lásìkò. Bí àwọn ọmọ bá ń ké pé ẹ dé àwọn mọ́lẹ̀, ẹ rántí ohun tí àwọn àgbà wí: à ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní a kò jẹ́ kí òun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ dá ọ̀rọ̀ náà padà sí ipò rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún ń kọ̀wé, ẹ kọ ọ́ pé adìẹ sàba. Ẹ kọ ọ́ pé ó ràdọ̀ bo ọmọ. Bí ẹnì kan bá sì sọ pé obìnrin kan jókòó bí adìẹ tó ń sàba, ẹ bi í léèrè ọjọ́ mélòó ni òun fúnra rẹ̀ lè fi ara rẹ̀ dáná fún ẹlòmíràn.

Ní ti èmi, mo ti lọ bẹ ìyálọ́mọ náà. Ọwọ́ mi kò ṣófo lọ. Màmá mi mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ 14 yẹn, tó ti di àgbébọ̀ báyìí, wọ́n dì í lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kí n gbé e fún un, kí n sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sè é jẹ. Ó gbà á, ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé ṣé ó mọ sàba. Mo ní ó mọ̀ ọ́n.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.